Fíìmù Ìyá Ẹlẹ́rọ Ata: Àkọsílẹ̀ Iṣẹ́ Wa Láti Àkúrẹ́

Èmi ni mo ń ṣe ohun èlò fún fíìmù yìí, èmi náà ni mo sì ń di máìkì mú. A ò pọ̀. Àwa mẹ́fà ni, pẹ̀lú kámẹ́rà kan, máìkì méjì, àti Márúwá tá a máa ń háyà lọ́jọ́ tí ẹrù bá pọ̀. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni pé nínú eré tá a ṣe kẹ́yìn, mo po ẹ̀jẹ̀ kan tí gbogbo èèyàn ń yìn, ṣùgbọ́n mi ò kọ bí mo ṣe pò ó, títí dòní mi ò tíì rí irú rẹ̀ pò mọ́. Ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀ sí mi lẹ́ẹ̀kejì.

Kí n sọ eré náà ní ṣókí. Ìyá kan ń lọ ata ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọmọ ọdún 17, tó ń kọ́ṣẹ́ àtúnṣe fóònù. Lọ́jọ́ kan, ọmọ yìí ń gba àárín ọjà kọjá, fóònù oníbàárà méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnì kan sì figbe ta: "Olè!" Kí ẹnikẹ́ni tó bi í pé ta ló ni fóònù, táyà ti wà lọ́rùn ọmọ. Ìyá ò rí ẹni tó figbe ta. Ohùn rẹ̀ ló gbọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ó gbọ́ ohùn yẹn gan-an ní gáréèjì, kọ̀ńdọ́ kan ló ń pe èrò: "Oǹdó ku ẹnì kan! Oǹdó ku ẹnì kan!" Bí ìyá ṣe di ọdẹ nìyẹn.

Gbogbo wa la mọ irú eré yìí. Wọ́n á pa ọmọ, àwọn tó yẹ kó gbèjà rẹ̀ ò ní ṣe nǹkan kan, ìyá á gbé ohun ìjà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú ohun ìjà wo ni ò yé mi nígbà tá a bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é.

Ọjọ́ 2: Ìbọn

Ìwé eré àkọ́kọ́ ní ìbọn nínú. Olùdarí wa, àbúrò mi ni, ọmọ àǹtí mi, ṣùgbọ́n tá a bá ti dé ẹnu iṣẹ́, "Ọ̀gá" ni mò ń pè é, òun náà á sì máa pè mí ní "Bọ̀dá" bó ti yẹ. Ọ̀gá fẹ́ ṣakabùlà. Mo ra páìpù omi oníke, èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń lò, mo fi gèdú gbẹ́ ìdí rẹ̀, mo fi wáyà dì í ní ibi mẹ́ta, mo kùn ún ní dúdú, mo wá fi eérú àti òróró ra á lára kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn àgbẹ̀. Kí n má purọ́, ó dára. Ó tiẹ̀ dára jù.

À ń gbé e lọ sí oko kan lẹ́yìn Ọ̀wẹnà, lójú ọ̀nà Oǹdó, ká lè wò ó bó ṣe máa rí lójú kámẹ́rà. Wọ́n dá wa dúró lọ́nà. Àwọn tó dá wa dúró, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ṣí bùùtù, wọ́n rí ìdí ìbọn tó yọ lábẹ́ tapolín, ohùn yí padà lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá ń ṣàlàyé fíìmù, ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ò gbọ́ fíìmù, ìbọn ló ń wò. A fi ohun tó lé ní wákàtí méjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú oòrùn. Nígbà tó yá, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú un lọ́wọ́, kí wọ́n na tiwọn sí mi tí wọ́n bá fẹ́. Mo gbé e lé orúnkún mi, mo ṣẹ́ ẹ. Ó dún pọ́ọ́, ike funfun yọ lójú ibi tó ti kán. Ọ̀kan nínú wọn bú sẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn o.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo kọ ọ́ síwájú ìwé mi pé kí lẹ́tà wa dé àgọ́ ọlọ́pàá kí ohun èlò tó jáde nílé, kí ohunkóhun tó bá jọ ohun ìjà sì wà nínú àpótí tá a kọ "ohun eré" sí lára gàdàgbà, kó má wà lábẹ́ tapolín bí ẹrù olè. Láti ọdún 2020 tí Àmọ̀tẹ́kùn ti dé, ojú tó ń ṣọ́ ọ̀nà ti pọ̀ sí i, àwọn ọdẹ wà nínú wọn tó mọ ṣakabùlà ju èmi tó ṣe é lọ.

Ọ̀gá yọ ìbọn kúrò nínú ìwé eré. Ó tún fẹ́ ká lọ ya apá kan lórí Òkè Ìdànrè dípò rẹ̀, kí ìyá máa gun òkè lọ, kí atẹ́gùn máa fẹ́ aṣọ rẹ̀. Mo bi í pé kí ni ẹlẹ́rọ ata ń wá lórí àkàsọ̀ tó lé ní 600. Kò rí ìdáhùn. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ní kámẹ́rà ní Àkúrẹ́, Òkè Ìdànrè ló kọ́kọ́ ń rò.

Ọjọ́ 6: Àdá

Àdá bá ìyá yìí mu ju ìbọn lọ. Ilé wo ni kò ti sí àdá ní ìpínlẹ̀ Oǹdó? Mo lo ẹní fóòmù tí wọ́n máa ń tò síra wọn fún ọmọdé láti fi ṣeré. Mo tẹ́ àdá gidi lé e, mo fi bírò ya á, mo gé méjì, mo fi oparun pẹlẹbẹ sáàárín, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀. Mo fi áyọ́ọ̀nù tó gbóná díẹ̀ tẹ ojú rẹ̀ kó lè fẹ́lẹ́ bí irin. Gọ́ọ̀mù káfíńtà tí mo pò mọ́ omi ni mo fi kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí fóòmù tí a ò bá dí ojú rẹ̀, ṣe ló máa ń mu ọ̀dà bí ilẹ̀ gbígbẹ. Ọ̀dà fàdákà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ pupa tí mo pò mọ́ gọ́ọ̀mù, tí mo fi aṣọ tẹ̀ mọ́ ọn lára díẹ̀díẹ̀, kó lè dà bí ìpẹtà.

Màmá, ẹni tó ń ṣe ìyá nínú eré, gbà á, wọ́n jù ú sókè, wọ́n hán an. Wọ́n wò mí. "Ọmọ mi, ṣé abẹ̀bẹ̀ lo fẹ́ kí n fi pààyàn?"

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àdá gidi máa ń fa ọwọ́ sísàlẹ̀, ara á yí sí i díẹ̀, èjìká á mọ̀. Tèmi ń fò lókè bí ìwé. Mo ṣí èkù rẹ̀, mo ki ọ̀pá irin 12 mílímítà sínú rẹ̀, èyí tí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ kan ààbọ̀ lọ. Inú èkù nìkan ni irin wà o, ojú rẹ̀ ṣì rọ̀ pátápátá. A tún fún Màmá ní àdá gidi tí ẹnu rẹ̀ ti kú láti máa gbé rìn kiri fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó di pé a yà. Ọwọ́ wọn gbé ìwúwo yẹn wọ inú eré. Nínú fíìmù, ẹ ò ní mọ̀ pé ohun tí ọmọ ọdún mẹ́ta ń jókòó lé ni wọ́n mú dání.

Ọjọ́ 9: Ẹ̀jẹ̀

Mo kọ́kọ́ lo ìṣápá, zobo tá à ń mu yìí, torí ó rọrùn, pupa rẹ̀ sì jinlẹ̀. Mo sè é títí ó fi ki. Lójú kámẹ́rà ó dára. Nígbà tí wọ́n fọ aṣọ Màmá, ọṣẹ kàn án, ẹ̀jẹ̀ di aró, àwọn ibòmíì tiẹ̀ fẹ́ máa dà bí ewé. Bí àwọ̀ ìṣápá ṣe rí nìyẹn: tó bá wà nínú ohun kíkan, pupa ni, tó bá kan ọṣẹ, ó yí. Ìró yẹn ni wọ́n máa fi ya ìran mẹ́ta tó kù, kò sì sí ìkejì rẹ̀. Mo lọ ra òmíràn lówó ara mi.

Èyí tó ṣiṣẹ́ rèé, mo kọ ọ́ kí n má tún sunkún: ife ṣúgà méjì sínú ife omi kan, ẹ sè é títí tó fi ń fà bí oyin, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Àwọ̀ pupa tí àwọn oníkéèkì ń lò, díẹ̀díẹ̀, kó má pupa bí ọ̀dà. Lẹ́yìn náà, ṣíbí kékeré kan kòkó lẹ́búlẹ́bú tí ẹ ti kọ́kọ́ fi omi lọ́wọ́ọ́rọ́ pò kó má baà ṣù. Kòkó yẹn ni gbogbo àṣírí. Òun ló ń pa ìmọ́lẹ̀ pupa náà, tó ń jẹ́ kó dà bí ohun tó ti ara èèyàn jáde. Ẹ̀yin ará ìpínlẹ̀ Oǹdó, ẹ má jẹ́ kí kòkó wọ́n yín.

Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni èèrà. Ẹni tó ṣe òkú lọ́jọ́ náà dùbúlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, ó ṣe òkú dáadáa, títí èèrà fi wọ etí rẹ̀.

Ọjọ́ 12: Kò ní ṣẹ o

Màmá kì í ṣe gbajúmọ̀. Eré ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀, wọ́n sì ti lọ ata fún ọdún 19 kó tó di pé orúnkún lé wọn kúrò nídìí ẹ̀rọ. Ìdí tá a fi mú wọn gan-an nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti sọ gbólóhùn "ọmọ mi ti kú", kí Ọ̀gá tó pe "káàtì", wọ́n á ti ká ọwọ́ yí orí, wọ́n á ta ìka: "Kò ní ṣẹ o, eré ni." Ìgbà méje ni wọ́n sọ ọ́ wọ inú máìkì. Inú Ọ̀gá ń ru. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Mo ní ìyá tèmi náà.

A wá bá wọn ṣe àdéhùn. Èmi tí mo di máìkì mú, mo máa na ọwọ́ òsì mi sókè. Bí ọwọ́ yẹn bá ṣì wà lókè, kí wọ́n pa ẹnu mọ́. Bí mo bá ti gbé e sísàlẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́, gbogbo wa á sì jọ dáhùn "Àmín". Láti ọjọ́ náà, kò sí ìran kan tó bàjẹ́ mọ́. Mo tiẹ̀ ti ń dáhùn Àmín nílé nígbà tí ẹnì kankan ò sọ nǹkan.

Ti fọ́tò ọmọ ló le jù. A fẹ́ lẹ pósítà ìkéde òkú mọ́ ara ògiri. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yá wa ní fọ́tò ọmọ rẹ̀, ìyá ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe ọmọ náà sì pè láti Ọ̀wọ̀, ó ní tá a bá fi ojú ọmọ òun sí pósítà òkú, òun á wá fúnra òun. A pa pósítà tì. Ó wá yé wa pé kò tiẹ̀ yẹ kó wà ńbẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Nílẹ̀ wa, wọn kì í fi ibojì ọmọ han ìyá rẹ̀, àwọn àgbà ni wọ́n máa ń lọ sin ín kíákíá láìsí ayẹyẹ. Kí ló wá kù lọ́wọ́ ìyá yìí? Mo mú sáńdáàlì àtijọ́ kan, mo ha àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ju tòsì lọ, torí pé ọmọ náà ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró nídìí tábìlì iṣẹ́. Sáńdáàlì yẹn ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ata nínú gbogbo ìran. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ nínú eré.

Ọjọ́ 15: Iná

Ìran alẹ́, inú yàrá ìyá. Kò síná, bó ti máa ń rí. A gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré sẹ́yìn ògiri kejì. Bí a ṣe tan kámẹ́rà, ìlà dúdú fẹ̀ẹ̀rẹ̀fẹ̀ ń rìn lójú Màmá láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ń fa aṣọ kọjá níwájú iná. Ojú lásán ò rí i.

Ohun tó fà á nìyí. Iná tiwa ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, gílóòbù sì ń mọ́lẹ̀ ní ìlọ́po méjì ìyẹn, ìgbà 100. Àwòrán 25 ni kámẹ́rà wa ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú rẹ̀ sì ń ṣí fún ìdá kan nínú 50, nítorí náà gbogbo àwòrán ló ń gba ìmọ́lẹ̀ méjì méjì, wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n irú jẹnẹrétọ̀ kékeré yìí ò lè mú 50 jáde àfi tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo lọ wò ó. Onílé ti fi áyọ́ọ̀nù sí i, ó ń lọ aṣọ àjọ. Ẹ́ńjìnnì ń mí bí ẹni tó gbé àpò gàárì, kò yí tó 3,000 mọ́, ìmọ́lẹ̀ ò sì dọ́gba nínú àwòrán mọ́.

Mi ò bá onílé jà, iná rẹ̀ là ń yá. Mo gbé bátìrì mọ́tò wọlé, mo so gílóòbù 12 fóòlìtì mọ́ ọn tààrà. Iná bátìrì kì í lọ kì í bọ̀, nítorí náà kò sí ìlà. A pa jẹnẹrétọ̀, ilé pa rọ́rọ́, èmi onímáìkì ni inú mi dùn jù. Gbogbo ìran alẹ́ tó kù, bátìrì la fi ṣe é.

Ọjọ́ 19: Ẹ̀rọ ata

Ìran tí ìyá ti gbọ́ ohùn kọ̀ńdọ́ ni. Ẹ̀rọ ata ń ké, kọ̀ńdọ́ ń pe èrò, oníbàárà ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá tan ẹ́ńjìnnì kó tó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ariwo nìkan ló máa gbé relé. A pa á. Ọmọ kan fara pa mọ́ sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ yí bẹ́líìtì. Ẹ̀rọ ń yí, kò dún. Ìgbà yẹn ni àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni wà ní báńkì, torí pé ibẹ̀ dákẹ́. Màmá nìkan ló ń pariwo bó ti yẹ, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń pariwo. Mo gba ohùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ sórí fóònù, mo fi yápíìsì sí etí kan fún oníbàárà àti kọ̀ńdọ́, mo yí i sókè. Ohùn wọn gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ gbìyànjú rẹ̀, ó dára ju kéèyàn máa sọ "ẹ gbé ohùn sókè" lọ.

Nígbà tí a ṣe tán, mo gba ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sílẹ̀: bó ṣe ń ṣáná, bó ṣe ń yí lófìfo, bí ata ṣe ń wọlé. Màmá jókòó tì mí, wọ́n di ojú. Wọ́n ní, "Ìyẹn, tàtàṣé ni, omi rẹ̀ pọ̀." Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní kí ẹlẹ́rọ da ẹ̀wà sí i, kó da ẹ̀gúsí sí i lẹ́yìn náà, mo ní kí Màmá kọ ẹ̀yìn sí wa. Wọ́n gbà á mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìyí ọrùn. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gba eré yìí gbọ́. Tẹ́lẹ̀, ó dà bí àsọdùn fún mi pé ìyá lè dá ohùn kan ṣoṣo mọ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ.

Ọjọ́ 23: Igbe

Mo ti fẹ́ fo èyí, àmọ́ òun ni ìdí gbogbo rẹ̀.

Ìran tí wọ́n ti pe ọmọ lólè ni. A yan òpópónà kékeré kan tó yà kúrò ní Arákalẹ̀, aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, kí ọjà tó kún. A ti sọ fún olórí àwọn oníṣọ́ọ̀bù, a fi ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ìkángun méjèèjì láti máa sọ fún èrò pé eré ni. Ẹni tó ń ṣe kọ̀ńdọ́ dúró ní ọ̀ọ́kán. Mo wọn ọ̀nà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ìdí máìkì, mítà 28 ni, nítorí ní ìwọ̀n yẹn ohùn máa ń fi àwòrán méjì pẹ́ dé lẹ́yìn ẹnu, mo sì fẹ́ rántí láti tì í síwájú nígbà tá a bá ń gé e. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni mò ń rò. Mi ò ro nǹkan míì.

Ó kígbe. "Olèèè!" Ohùn rẹ̀ dára, ó kọ lu ògiri, ó padà.

Kó tó padà tán, ọkùnrin kan ti sọ ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ tẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ti fa pákó yọ níwájú ṣọ́ọ̀bù. Òkúta kan já bọ́ láti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mi ò rí ọwọ́ tó jù ú. Àwọn ọmọ wa méjèèjì ń pariwo "Eré ni! Eré ni!", ohùn wọn ò ju ti ẹyẹ lọ. Ọmọ tó ń ṣeré wá ṣe ohun tí mo ní kó má ṣe rárá: ó sá. Ó ti dán an wò lẹ́ẹ̀marùn-ún pé òun á dúró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ò gbọ́ ìwé eré.

Màmá ló yọ ọ́. Wọ́n jáde lẹ́yìn kámẹ́rà pẹ̀lú orúnkún dídùn, wọ́n tú ìró òkè wọn, wọ́n dà á bo ọmọ náà lórí, wọ́n dì mọ́ ọn. "Ọmọ mi ni! Ọmọ mi ni o! Eré là ń ṣe!" Ọkùnrin onípákó dúró bí ìgbésẹ̀ méjì sí wọn. Ó wò wọ́n, ó wo kámẹ́rà, ó sọ pákó sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin oníṣeré, ẹ máa pa ara yín lọ́jọ́ kan," ó lọ pa ọ̀kadà rẹ̀. Ó padà wá bẹ ọmọ náà. Ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ fún un ní búrẹ́dì kan lọ́fẹ̀ẹ́, ọwọ́ ọmọ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè ya á.

Láti ìgbà tó kígbe títí dé ìgbà tí pákó bọ́ sílẹ̀, mo wò ó lórí ẹ̀rọ lẹ́yìn náà: kò pé ìdajì ìṣẹ́jú. Pákó náà wà nílé mi. Ìṣó méjì ló wà lórí rẹ̀.

Ọjọ́ 24

A ò ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀ pẹ̀lú hẹ́dìfóònù, ká lè mọ̀ bóyá igbe náà wúlò. Ó wúlò. Lẹ́yìn igbe náà, ní bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ohùn obìnrin kan wà nínú rẹ̀, ó súnmọ́ máìkì gan-an: "Ẹ mú un! Ẹ má jẹ́ kó lọ o!" Kì í ṣe ara wa. Mo gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí n tó mọ ẹni tó ni ín. Ìyá Oníbúrẹ́dì ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo lọ bá a. Mi ò lọ bá a jà, mo fẹ́ mọ̀ ni. Mo fi gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. "Mi ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi," ló sọ. "Ọmọ yẹn gan-an ni mo fún ní búrẹ́dì."

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá. Wọ́n fi hẹ́dìfóònù sétí, wọ́n yọ ọ́, wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ìyá inú eré yẹn, níbo ló wà nígbà tí wọ́n pe ọmọ rẹ̀ lólè?" Ọ̀gá ní ó wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń lọ ata. Màmá ní, "Ó gbọ́ olè lọ́jà, kò wá pariwo? Ọdún 19 ni mo lò níbẹ̀. Mo ti pariwo rí. Ta ni ò tíì pariwo rí?"

Ọ̀gá kò sùn lálẹ́ yẹn. Nígbà tó máa fi di àárọ̀, ìwé eré ti yí padà: lọ́jọ́ náà, nínú ariwo ẹ̀rọ, ìyá gbọ́ "Olè!" ní ọ̀ọ́kán, kò sì gbé ojú sókè nídìí ata. Ó kàn ké: "Ẹ mú un!" Kò mọ ẹni tí wọ́n ń lé. Ohun tó ń wá kiri fún gbogbo fíìmù, ìdajì rẹ̀ wà lẹ́nu tirẹ̀.

Àdá mi, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, wá di ohun tó ń gbé rìn tí kò lò.

Ọjọ́ 31: Iná táyà

Kíákíá ni èyí. A ò jó táyà kankan, a ò sì fi ọmọ hàn. Ojú àwọn tó ń wò ó nìkan la yà. Gílóòbù méjì lẹ́yìn ọ̀rá olómi ọsàn, ọwọ́ èèyàn méjì ń jó níwájú rẹ̀ láìbára mu. Èéfín: ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù lórí àdògán. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo: ẹ má fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ jóná nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò ṣí.

Ọjọ́ 38: Gáréèjì

Ìran ìkẹyìn. Ìyá dúró lẹ́yìn kọ̀ńdọ́ ní gáréèjì tó kún. Kò mú nǹkan kan dání. Bó bá ké ọ̀rọ̀ kan péré, wọ́n á bá a pa á, òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ó la ẹnu.

A ti jọ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni nínú wa ò ní pe ọ̀rọ̀ yẹn síta mọ́. Nítorí náà, Màmá la ẹnu, ohùn kankan ò jáde, èèyàn ń kọjá lọ́tùn-ún lósì, kò sẹ́ni tó wò wọ́n. Kọ̀ńdọ́ yíjú, ó rí oníbàárà. "Màmá, Oǹdó ni?" Wọ́n ní Oǹdó ni. Wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n sanwó, ó fún wọn ní ṣéńjì. Ṣéńjì yẹn ò sí nínú ìwé eré. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló ṣe é fúnra rẹ̀, ó tiẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa. A fi í sílẹ̀.

Ohùn tó yẹ ká gbọ́, inú ọkọ̀ tá a ti gíláàsì rẹ̀ pa la ti gbà á, tìmùtìmù méjì lọ́tùn-ún lósì, mọ́tò náà wà nínú ọgbà ẹ̀gbọ́n mi. Màmá ké "Ẹ mú un!" ní ìgbà 11. Kò sí èyí tó dà bíi ti Ìyá Oníbúrẹ́dì, torí tirẹ̀ sá jáde ni, ti Màmá sì ń bọ̀ látinú ìwé. Mo bẹ Ìyá Oníbúrẹ́dì pé kó jẹ́ ká lo tirẹ̀. Ó ní rárá. A lo ìkẹsàn-án ti Màmá, èyí tí wọ́n ké nígbà tí mo ṣì ń to wáyà, tí wọn ò mọ̀ pé mo ti tan ẹ̀rọ.

Ọjọ́ 52: Gígé àti ìwò àkọ́kọ́

Nínú ìran ìbẹ̀rẹ̀, mo fi "Ẹ mú un!" sábẹ́ ariwo ẹ̀rọ ata. Mo ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tó fi jẹ́ pé èmi nìkan ni mo lè gbọ́ ọ, mo wá gbé e sókè díẹ̀. Ní ìparí, nígbà tí ìyá la ẹnu ní gáréèjì, gbogbo ariwo kú, ohùn yẹn kan náà jáde gbangba, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń yí lófìfo lábẹ́ rẹ̀. Bẹ́líìtì rẹ̀ ń ró pẹ́lẹ́, pẹ́lẹ́. Ọ̀gá fẹ́ dùùrù síbẹ̀. Mo bá a jà fún ọjọ́ méjì. Kò sí dùùrù.

Ó kù ká gbé e lọ sọ́dọ̀ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò, èyí tí òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀. A ń retí pé wọ́n á kọ 18 sí i lára, ìyẹn ò sì dùn wá.

Lálẹ́ àná, a fi han èèyàn márùn-ún ní pálọ̀ mi. Mo ní kí Ìyá Oníbúrẹ́dì wá, mi ò rò pé ó máa wá, ó sì wá pẹ̀lú búrẹ́dì méjì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀rọ ata ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń wo ọmọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín níbi èèrà, torí mo sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, kò yẹ kí n sọ ọ́. Nígbà tó dé gáréèjì, tí ohùn yẹn jáde, gbogbo ilé dákẹ́. Orúkọ àwọn òṣèré ń gòkè lójú tẹlifíṣọ̀n.

Ìyá Oníbúrẹ́dì bi mí pé, "Ṣé èmi kọ́ nìyẹn?"

Mo ní rárá, Màmá ni.

Ó ní ká dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, síbi tí wọ́n ti ń lọ ata. A dá a padà.